Jíìnì POU1F1 tàbí PROP1: èwo ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Akẹ́kọ̀ọ́Jíìnì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọmọ ọdún 4 kan kò ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Họ́mọ̀nù ìdàgbà (GH) kò gbéra nígbà ìdánwò, prolactin (họ́mọ̀nù wàrà ọmú) kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá, free T4 (họ́mọ̀nù thyroid tó wà ní ọrùn) lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n TSH (họ́mọ̀nù tó ń pàṣẹ fún thyroid) wà níbi tó yẹ. Owó àyẹ̀wò jíìnì kan péré ló wà nílẹ̀.

Àgbà_Lábù: TSH yẹn ló máa ń tan èèyàn jẹ. Bí T4 bá ti já wálẹ̀, ó yẹ kí pituitary (ẹ̀yà kékeré abẹ́ ọpọlọ tó ń tú họ́mọ̀nù jáde) ti TSH sókè. Bí kò bá gbéra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pituitary gan-an ló ń ṣàìsàn. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ọmọ tuntun tó gbára lé TSH nìkan fi ń fo irú ọmọ báyìí.

POU1F1 (kírómósómù 3; exon rẹ̀, ìyẹn àwọn abala jíìnì tó ń gbé àṣẹ prótéènì, jẹ́ mẹ́fà) ló ń ṣe prótéènì PIT-1, tó ń so mọ́ DNA láti tan jíìnì GH, prolactin àti TSH-beta. Họ́mọ̀nù mẹ́ta péré nìyẹn. PROP1 (kírómósómù 5, exon mẹ́ta) ló ń ṣáájú rẹ̀. Bí òun bá bàjẹ́, LH àti FSH (àwọn họ́mọ̀nù ìbàlágà) náà á lọ, ACTH (tó ń mú kí ara ṣe cortisol, họ́mọ̀nù tí ara fi ń kojú wàhálà) sì lè yẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ ní ọdún 4, LH àti FSH ṣì ń sùn, wọn ò lè jẹ́rìí. Èmi á kọ́kọ́ ka PROP1: òun ló wọ́pọ̀ jù, exon rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ẹ̀kaHọ́mọ̀nù: Ẹ má kánjú, ọ̀gá. Ẹ ya MRI (àwòrán inú orí) ná. Bí pituitary bá wú, PROP1 ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá kéré, tí prolactin kò sì sí rárá, POU1F1 ni mo máa mú. Ẹ má sì ní kò lè jẹ́ òun torí pé ara àwọn òbí dá: àyípadà R271W nínú ẹ̀dà POU1F1 kan ṣoṣo lè dènà iṣẹ́ ẹ̀dà tó dáa.

Àgbà_Lábù: Mo gbà, bí MRI bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Ọ̀pá EDTA ni kí ẹ fa ẹ̀jẹ̀ DNA sí. Heparin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) máa ń ba PCR (ọ̀nà tí a fi ń ṣe ẹ̀dà DNA púpọ̀) jẹ́.

Ẹ̀kaHọ́mọ̀nù: Kókó tó lè gba ẹ̀mí là: ẹ wo cortisol ní aago 8 àárọ̀ kí ẹ tó fún un ní levothyroxine (oògùn T4). Oògùn náà ń mú kí ara tètè lo cortisol tán. Bí ACTH kò bá tó, ọmọ lè dákú. Bí cortisol bá kéré, hydrocortisone (oògùn tó ń rọ́pò cortisol) ló ń ṣáájú. Lẹ́yìn tí T4 bá dúró dáadáa, ẹ tún ìdánwò GH ṣe, torí àìtó T4 nìkan lè tẹ GH mọ́lẹ̀. Bó bá wá jẹ́ PROP1, ẹ máa yẹ cortisol wò lọ́dọọdún.