Àpótí abẹ́ òkúta ní Ushafa: ìrírí tiwa

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Kubwa, l'Ábùjá, ló kó wa sínú eré wíwá àpótí tí ẹnìkan fi pamọ́, tí òyìnbó ń pè ní letterboxing. Ìgbà tó ń kàwé ní Plymouth, ní England, ló kọ́ ọ. Ilẹ̀ olókùúta gbalasa kan wà nítòsí ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dartmoor. James Perrott, ọkùnrin kan tó máa ń mú àlejò rìn níbẹ̀, gbé ìgò kan sí Cranmere Pool ní 1854, pé kí ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ fi káàdì orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ìgò yẹn ló bí àpótí, àpótí sì di púpọ̀, títí ó fi dé Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi wọ́n pamọ́ sẹ́bàá ọ̀nà inú igbó tí àáké ò tíì kàn.

Ìwé kékeré àti òǹtẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà á mú ìwé àti òǹtẹ̀ tiyín dání. Tí ẹ bá rí i, ẹ ó lu tiyín sínú ìwé wọn, ẹ ó lu tiwọn sínú ìwé yín, ẹ ó sì dá a padà síbi tí ẹ ti bá a. Kò sówó níbẹ̀, kò sẹ́bùn. Èyí tí wọ́n ń fi sátẹ́láìtì wá, tí wọ́n ń pè ní geocaching, yàtọ̀, ọdún 2000 ni ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú tiwa, ọ̀rọ̀ tí ẹni tó gbé e pamọ́ kọ sílẹ̀ la ń tẹ̀lé.

Ẹ̀gbọ́n gbé àpótí kan pamọ́ fún wa, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìtọ́nà rẹ̀ bí àlọ́. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ìyá tó wà lẹ́yìn ogún náírà." Ogún náírà tí a ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ná mọ́! Àwọn ọmọ wá ọ̀kan jáde: Ladi Kwali ni, ìyá Gbagyi tó ń mọ ìkòkò. Ibùdó àwọn amọ̀kòkò ní Ushafa ló ń wí, ní ọ̀nà Bwari.

Láti ibẹ̀ lọ, igi ló kù, ohun tó sì wọ̀ mí lọ́kàn jù nìyí. "Ẹ kí ìyá irú, kí ẹ yà sọ́wọ́ òsì rẹ̀." "Ẹ wá ẹni tó gbé awọ ọ̀nì wọ̀." Ọmọ mi tó ti ń jẹ irú látìgbà tó ti léyín ò mọ̀ pé orí igi ló ti ń wá. Irúgbá wà níwájú rẹ̀, èso ń fì lókè, ilẹ̀ ló ń wò. Ìyá àgbà kan tó ń toko bọ̀, tó gbé igi ìdáná lé èjìká bí àwọn Gbagyi ṣe ń gbẹ́rù, ló nàka sí i fún wa. Òun náà ló mú wa dé ìdí igi òrí. Èèpo rẹ̀ sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ, awọ ọ̀nì gan-an. Àwọn ọmọ ń fọwọ́ pa á, mo sì ń sọ fún wọn pé òrí tí mo fi ń pa wọ́n lára lọ́yẹ́, inú kóró èso igi yìí ló ti ń jáde. Kò sí ìwé tí mo rà fún wọn tó kọ́ wọn nígi tó bẹ́ẹ̀.

Abuja ò ní igbó kìjikìji bíi ti Ondo. Ọ̀dàn ni, etí odò sì ni àwọn igi ńlá àtijọ́ kù sí jù. Ibẹ̀ ni ìlà tó kẹ́yìn mú wa sọ̀ kalẹ̀ sí, nídìí àràbà kan tí gbogbo wa so ọwọ́ pọ̀ tí a ò lè ká. Ogójì ìṣísẹ̀ síhà ìlà oòrùn, òkúta pẹlẹbẹ kan, àpótí oníke náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ìkòkò ni òǹtẹ̀ inú rẹ̀. Rọ́bà tí ọmọ ilé-ìwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ ni ẹ̀gbọ́n fi abẹ gbẹ́. Kò fi sínú ihò igi, torí ẹyẹ ló ni ihò igi, torí iná ọ̀dàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe é lágbègbè wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí. Ẹni tó bá rí ike lábẹ́ igi níbí, ẹbọ ló máa kọ́kọ́ rò, tàbí bọ́ǹbù, ẹ̀rù rẹ̀ sì tọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n fi kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀. Ó ṣí ike náà lójú wọn, wọ́n sì sọ ibi tí ẹsẹ̀ àlejò ò gbọdọ̀ dé fún un. Ó kọ ọ́ sórí ìdérí ní Haúsá àti òyìnbó pé ìwé eré ló wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ló máa ń bá wa wọ inú igbó, nítorí ọ̀rọ̀ ajínigbé, kí oòrùn tó rọ̀ a ti gbọ́dọ̀ wà ní títì.

Igbó tí ọkàn mi ń fà sí báyìí ni Ngel Nyaki, lórí Mambilla ní Taraba, níbi tí ìnàkí ṣì ń gbé. Igbó ọba ni, a ò lè gbé nǹkan síbẹ̀ láìgbàṣẹ. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ọ̀nà ṣe rí fún wa, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí a ó ti lọ tọrọ àṣẹ.