"Àì" tó wà nínú "agbára àìníjàánu" ò bá mi lára mu

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí a ti kọ láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ eléré orí ìtàgé wa ní Kubwa ti wá béèrè ọ̀rọ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: ìtàn Jean Grey ni wọ́n fẹ́ tún sọ ní Yorùbá, obìnrin inú fíìmù X-Men tí agbára rẹ̀ di àjálù sí tilé-toko lọ́rùn. Wọ́n ti sọ ọ́ di Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ìyá alágbo ní Nyanya. Olùkọ́ kan dè é lọ́kàn láti kékeré kó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ìjà ìkẹyìn tó wáyé ní Alcatraz, wọ́n gbé e wá sí ẹsẹ̀ òkè Zuma. (Ẹ̀yin ọmọ wa, Zuma kì í ṣe ara Abuja o. Niger State ló wà, lójú ọ̀nà Kaduna. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ará Suleja bú wa.) Ohun tí wọ́n ń wá ni orúkọ tí a ó pe ipò tí ọmọ náà bọ́ sí nígbà tí agbára ọ̀hún ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Bọ̀dá wa tó wà ní Lugbe ní kí a pè é ní "agbára àìníjàánu", ọ̀pọ̀ yín sì ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò pa tèmi.

Àì yẹn ló ń bí mi nínú. Ẹ wo ibi tí a ti ń lò ó: àìsàn, àìlera, àìgbọ́ràn, àìríṣẹ́ṣe. Ohun tí kò sí ló ń sọ. Kì í sọ bó ṣe di pé kò sí. Ẹni tí kò ríṣẹ́ rí láti ọjọ́ tó ti jáde ilé-ìwé, àti ẹni tí wọ́n já ìwé lé lọ́wọ́ lánàá pé kó máa lọ sílé, àìríṣẹ́ṣe kan náà ni a ó pe ti àwọn méjèèjì. Ìtàn wọn ò sì jọra rárá. Ìtàn ni àwọn ọmọ yìí fẹ́ sọ.

Nínú fíìmù ọdún 2006, Jean ní ìjánu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Xavier fúnra rẹ̀ ló fi í sí i lẹ́nu: ó wọ inú ọkàn ọmọ náà, ó mọ odi sí i, ó sé èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn odi, ó sì ń pe ìyẹn ní ìtọ́jú. Ọmọ dàgbà, ó kú sómi (nínú fíìmù tó ṣáájú nìyẹn), ó tún jí, odi wó. Scott olólùfẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá a lọ. Xavier tẹ̀lé e, nínú ilé gan-an tí wọ́n ti tọ́ Jean dàgbà. Níbo ni "àìní" ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ìjánu wà, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ jù, ó wá já. Bí ewúrẹ́ bá fa okùn já, ta ló ń pè é ní ewúrẹ́ àìlókùn? Ó jákùn ni à ń wí, èyí tó ṣẹ́ kù sì ń wọ́ nílẹ̀ lọ́rùn rẹ̀ kiri àdúgbò. Nítorí náà, ajájàánu ni mo pe Àbẹ̀kẹ́, ìjájàánu sì ni ohun tó dé bá a.

Ẹnu ẹṣin ò ṣàjèjì sí mi. Sabon Gari ní Zaria ni wọ́n bí mi sí, awọ ni bàbá mi sì ń tà fún àwọn tó ń ṣe gàárì. Bó bá di Hawan Sallah, a máa ń dúró sẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń gbà lọ kí Sarkin Zazzau, ọba Zaria. Ẹ ó rí irin náà lẹ́yìn eyín, itọ́ funfun ń hó ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu méjèèjì, awọ pupa tí wọ́n fi ṣe okùn rẹ̀ á sì ti di dúdú níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ti ń fà á. Irin yẹn kì í jẹ́ kí ẹnu pa dé. Èyí tó bá já a kì í sáré bí ẹṣin tí kò wọ ìjánu rí. Orí ni yóò máa jù, àfi bíi pé ẹnu ara rẹ̀ ló ń sá fún. Bàbá mi a ní, "Ẹ má dúró níwájú rẹ̀, ẹ má sì dúró lẹ́yìn rẹ̀." Ìyàtọ̀ tí àì ò lè gbé nìyẹn.

Ọ̀gá wa tó ń kọ̀wé láti Kaduna ní mo ṣi àmì fi sí ìjánu nínú ìwé mi tó kọjá, pé "ìjàánu" ni. Ọ̀gá mi, ẹ forí jì mí. Níjàánu là ń gbọ́ nítorí pé ní ti gbé ì mì. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò bá a kú, ó bọ́ sórí jà, gẹ́gẹ́ bó ṣe bọ́ nínú nílùú àti nídìí. Ẹ yọ ní kúrò, ìlú padà di ìlú, ìdí padà di ìdí. Kí ló wá ṣe ìjánu tí kò fi ní padà? Ẹ dáhùn pé ìyá ìyá yín, ọmọ Ìlọrin, ń pè é ní "ìjàánu" láìsí ní níwájú rẹ̀, pé ẹni tí ẹṣin jẹ́ eégún ilé baba rẹ̀ kò lè ṣi orúkọ ìjánu pè. Mo dọ̀bálẹ̀ fún màmá. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn fúnra yín, àbí wọ́n kàn sọ fún yín pé wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀? Ẹ kò tíì dá mi lóhùn.

Àǹtí wa ní Kano nìkan ló sọ ohun tó mú mi ronú. Wọ́n ní nínú èdè wa, ẹ̀mí ló ń gùn èèyàn. Ẹni tí Ṣàngó bá gùn, ẹlẹ́gùn ni. Wọ́n ní àwọn Hausa tó ń ṣe bori, ìbọ ẹ̀mí wọn, náà ń pe ẹni tí ẹ̀mí gùn ní godiya, abo ẹṣin. Ìyẹn ni pé Jean ni ẹṣin, agbára ló wà lórí gàárì. Bí ìjánu bá wá já, ṣebí òmìnira ló bá ọmọ náà dé? Ẹ wo ibi tí wọ́n fi ọ̀bẹ sí!

Bó bá jẹ́ fíìmù 2019 ni, mo gbà fún wọn. Níbẹ̀, Jean àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gba àwọn tó há sínú ọkọ̀ lójú òfuurufú là, ohun kan bí iná sì wọ inú rẹ̀. Lóòótọ́ Xavier tún mọ odi síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrántí ikú ìyá rẹ̀ ni odi yẹn ń bò. Agbára gùn ún, ó tọ́. Àmọ́ Àbẹ̀kẹ́ tiwa, agbára rẹ̀ kò ti ibì kankan wá. Olùkọ́ ló di okùn mú. Èyí tó tún wà lọ́kàn mi ni pé gùn ń gba ẹ̀bi lọ́wọ́ èèyàn. Ta ló ń bi ẹlẹ́gùn léèrè ohun tó ṣe lójú agbo? Nínú ìwé ìtàn alàwòrán ọdún 1980 tí Chris Claremont kọ, tí John Byrne ya àwòrán rẹ̀, obìnrin yìí gbé odindi ìràwọ̀ kan mì, àwọn ará D'Bari tí ìràwọ̀ náà ń tàn fún, bílíọ̀nù márùn-ún, sì ṣègbé. Jim Shooter, olóòtú àgbà, kọ̀ jálẹ̀ pé kò lè lọ láìjìyà. Ìdí tí Jean fi kú sórí òṣùpá nìyẹn. Ẹ fi gùn sọ ìtàn náà kí n wò ó, ta ni ẹ fẹ́ fìyà jẹ?

Ẹni tó mú Ṣàngó wá fi wé Jean, bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ti 1921, pé ọba lọ dán oògùn àrá wò lórí òkè, àrá sán lu ààfin, aya àtọmọ ṣòfò: ìtàn gidi ni, ṣùgbọ́n oògùn yẹn ṣiṣẹ́ tí a rán an. Ọ̀nà ló ṣì. Ìjà "ọba so" àti "ọba kò so" tó ti ibẹ̀ yọ, èmi ò sí níbẹ̀ o. Ẹni tó sì ju "alágbára má mèrò" lù wá, Jean mèrò ju gbogbo wa lọ. Tẹlòmíràn gan-an ló ń kà.

"Ìsọ̀kalẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ sínú agbára" tí àwọn ọmọ fi ṣe àkọlé, ẹ pa á rẹ́. Èrò ọkọ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀, ní Berger. "Ẹyẹ Iná Dúdú" tí wọ́n fi túmọ̀ "Dark Phoenix", orúkọ tí wọ́n ń pe Jean nígbà tí agbára rẹ̀ bọ́, náà ńkọ́? Ta ló sọ fún yín pé dúdú burú, nínú èdè tó ń ki èèyàn ní adúmáadán?

Tó bá dé ibi tí ọmọ náà ti fọ́ ìkòkò àgbo láìfọwọ́ kàn án, ẹ má jẹ́ kí olùkọ́ ló sọ̀rọ̀. Ìyá ni kí ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, kó sì sọ ọ́ bí ará ọjà: "Ẹ yà fún un o, Àbẹ̀kẹ́ ti jájàánu!" Kí ẹ tó pín ìwé eré náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa ká bá yín fi àmì ohùn sí i. Nínú èyí tí mo rí, okùn ti di òkun láti ojú ìwé kejì, olùkọ́ sì ń fi òkun so ọmọ ọlọ́mọ mọ́ àga.