Ṣé kí n gbé Màmá kúrò ní ọsibítù yìí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò dárúkọ:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn, inú ló ń bí mi. Màmá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti dé ni wọ́n ti ń dà wá láàmú. Ẹ lọ sanwó níhìn-ín, ẹ lọ gba káàdì lọ́hùn-ún, POS ò ṣiṣẹ́, ẹ lọ wá owó wá láti Tákìe. Àga tí mo fi ń jókòó ti Màmá, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Àwọn dókítà á wọlé láàárọ̀, wọ́n á tò yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n á máa sọ òyìnbó láàárín ara wọn lórí ẹsẹ̀ Màmá, wọ́n á sì kọjá. "Ẹ káàárọ̀, Mà" lásán, kò sí. Ìyá ẹni ọdún 68!

Èyí tó dùn mí jù ni ti nọ́ọ̀sì kékeré kan, ọmọ àná, tó jókòó ti Màmá lálẹ́, tó lọ sọ ohun tí kò yẹ kó sọ fún wọn. Láti ìgbà yẹn wọn ò jẹ oúnjẹ tí mo bá gbé lọ, wọn ò sì dá mi lóhùn. Ṣé kí n gbé wọn lọ Ìbàdàn ni, àbí sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń wo egbò lọ́nà Ìkòyí?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Ọjà Igbó:
Háà! Ẹ tètè gbé wọn kúrò. Nígbà tí mo ń rọbí àbígbẹ̀yìn mi, nọ́ọ̀sì kan ní kí n panu mọ́, pé ṣé òun ló fún mi lóyún ni. Mo ṣì mọ ojú ẹ̀. Ó wá ra èlùbọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́sí, ó ní kí n dín in fún òun. Kọ́bọ̀ ni mi ò dín.

Ọmọ Ajílété:
Kí ló ń ṣe Màmá? Kí ni nọ́ọ̀sì sọ? Ẹ ò sọ ọ̀kan nínú méjèèjì.

Bàbá Ṣéyẹ:
Egbò ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbé lọ bá òyìnbó. Ẹ kàn sí mi níkọ̀kọ̀, mo mọ bàbá yẹn.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Bàbá Ṣéyẹ, ẹ jọ̀ọ́. Aládùúgbò mi kan gba ọ̀nà yẹn. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e padà dé ọsibítù, orókún ni wọ́n ti gé e. Ẹni tó béèrè, ṣé ìtọ̀ ṣúgà ni?

Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò dárúkọ:
Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ìṣó ló gún wọn lẹ́sẹ̀, wọn ò tètè mọ̀. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ẹ ṣé jàre, ọ̀rọ̀ mi yé yín.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Wọn ò lè tètè mọ̀. Ṣúgà tó bá ti pẹ́ lára, ẹsẹ̀ kì í mọ ìrora mọ́. Ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ṣàn dé ọmọ ìka dáadáa, egbò ò ní jinná bọ̀rọ̀. Kí ni dókítà ní àwọn fẹ́ ṣe?

Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò dárúkọ:
Wọ́n fẹ́ gé ọmọ ìka méjì. Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn lọ sọ nìyẹn! Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti bá dókítà àgbà sọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kó dé etí Màmá, pé kí wọ́n ní àwọn fẹ́ fọ egbò ni. Èmi ni mo ti buwọ́ lùwé.

Ọmọ Ajílété:
Ẹ dúró ná. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n jí kí wọ́n máa ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn ni? Àbí orí wọn ò pé?

Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò dárúkọ:
Orí wọn pé o. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń ṣírò owó àjọ ẹgbẹ́ wọn. Àmọ́ wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ ò mọ Màmá. Ìfẹ́ ló mú wa ṣe é.

Lọ́yà Kékeré:
Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014, abala 23: aláìsàn ni kí wọ́n sọ fún nípa ara rẹ̀, irú ìtọ́jú tó wà, ewu rẹ̀, iye tó máa ná an, ó sì lè kọ̀ ọ́. Èdè tó gbọ́ ni kí wọ́n fi sọ ọ́ bó bá ṣeé ṣe. Òyìnbó tí wọ́n ń sọ lórí Màmá yẹn, ẹ lè fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n abala yẹn náà fàyè gbà wọ́n láti má sọ àìsàn fún un bí ẹ̀rí tó lágbára bá wà pé yóò ṣe é níbi. Ẹ̀gbọ́n wọn lè rí nǹkan dì mú níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Lọ́yà, ẹ̀rí lòfin wí, kì í ṣe ẹ̀rù ọmọ. Ẹni tí wọn ò sọ fún, báwo ló ṣe máa ṣọ́ ẹsẹ̀ kejì? Mo rí wọn lẹ́nu iṣẹ́ dáadáa. Wọ́n á délé, wọ́n á máa rìn láìwọ bàtà, wọ́n á tún padà wá.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Ọjà Igbó:
Nọ́ọ̀sì ń gbè sẹ́yìn nọ́ọ̀sì. Kó tiẹ̀ dúró kí ọmọ wọn dé kó tó sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Ẹni tó bú yín nígbà ìrọbí ṣẹ̀ yín, Ìyá. Ọ̀tọ̀ ni tèyí.

Ọmọ Ajílété:
Màmá fúnra wọn ńkọ́? Kí ni wọ́n wí?

Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò dárúkọ:
Wọ́n ní kí wọ́n gé e. Wọ́n ti tẹ àtàǹpàkò sí ìwé mìíràn, wọ́n ní tèmi ò kan àwọn, pé ṣé èmi ni mo bí àwọn ni. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa ṣe é. Ẹ̀kọ tí nọ́ọ̀sì yẹn bá rà ni wọ́n ń mu. Èmi tí mo ń sùn sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn!

Ọmọ Ajílété:
Kí lẹ wá fẹ́ gbé wọn lọ Ìbàdàn ṣe?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Ẹ má gbé wọn lọ ibì kankan. Bí dókítà bá dé, ẹ fi Yorùbá bi í níwájú Màmá: ṣé wọ́n máa kùn wọ́n lóorun ni àbí ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n máa gún ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kó mọ ìrora, ìgbà mélòó ni wọ́n á máa wẹ egbò lọ́sẹ̀, irú bàtà wo ni wọ́n lè wọ̀. Ẹ má ṣe bi í lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò dárúkọ:
Mo ti gbọ́, Mà. Ádímíìnì, ẹ bá mi yọ ọ̀rọ̀ yìí kó tó di alẹ́, ẹ̀gbọ́n mi wà nínú gúrúpù yìí.

Ádímíìnì:
Wọ́n ti rí i. Wọ́n ti kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, nọ́ńbà Bàbá Ṣéyẹ ni wọ́n ń béèrè. Mi ò tíì dá wọn lóhùn.