Switcher, splitter, matrix: èwo gan-an ni kí n rà? Skríìnì ń dúdú tí mo bá ti yí káḿẹ́rà

Káḿẹ́rà Ojúẹkùn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìlọrin ni mo wà, iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò ni mo ń ṣe: wòlímọ̀, yìgì, ìsọmọlórúkọ, wáàsí alẹ́ lásìkò ààwẹ̀. Káḿẹ́rà méjì ni mo ń gbé jáde. Láyé ìsinsìnyí, àwọn èèyàn ò fẹ́ dúró de fídíò mọ́, ojú skríìnì níbi ètò gan-an ni wọ́n ti fẹ́ rí ara wọn. Èyí tó tún wá le ni pé àwọn obìnrin máa ń wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, àwọn náà sì fẹ́ tẹlifíṣọ̀n tiwọn kí wọ́n lè máa rí Àfáà tó ń wáàsí.

Mo ra àpótí kékeré kan ní òpópónà Táíwò níbí. HDMI Switcher 5x1, 4K, ni wọ́n kọ sára ẹ̀, ó sì ní rìmóòtù. Ẹni tó tà á fún mi ní irú ẹ̀ ni ilé tẹlifíṣọ̀n ń lò. Mo gbé e lọ sí wòlímọ̀ ní Sátidé tó kọjá. Bí mo bá ti tẹ 2 báyìí, skríìnì á dúdú, á kọ "No Signal", ọmọ tó ń ka Kùránì á ti ka àáyà kan tán kí káḿẹ́rà kejì tó yọjú. Ojú olówó ètò ò kúrò lára mi.

Mo wá lọ ń ka àwọn mìíràn tí wọ́n ń tà. Mo rí matrix 4x2, splitter, seamless, EDID, HDCP, genlock, program, AUX. Orí mi fẹ́rẹ̀ fọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi là á yé.

Ọmọ Tanke:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra ATEM Mini, kí ẹ lọ sùn. Ó tán.

Bàbá Ẹlẹ́rọ Ọ̀fà:
Àbúrò, kò tíì tán o. Ẹni tó bá ra nǹkan tí kò yé e, òun náà ló máa tún pè mí ní alẹ́ ọjọ́ ètò. Inú iṣẹ́ yìí ni mo ti hewú, ilé tẹlifíṣọ̀n ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ọ̀fà.

Nọ́ńbà ara àpótí ni kí o kọ́kọ́ kà. Ti iwájú ni iye ihò tí àwòrán ń gbà wọlé, ti ẹ̀yìn ni iye ihò tó ń gbà jáde. 5x1: márùn-ún wọlé, ẹyọ kan jáde, ìwọ lo máa mú èyí tó máa jáde. Switch lásán nìyẹn. 1x4: ẹyọ kan wọlé, mẹ́rin jáde, nǹkan kan náà sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbé. Splitter nìyẹn. 4x2 tàbí 8x8 ni matrix. Èyí tó wù ẹ́ nínú àwọn tó wọlé lè jáde níbi tó wù ẹ́, o lè fi káḿẹ́rà hàn àwọn ọkùnrin, kí o fi láptọ́ọ̀pù hàn àwọn obìnrin lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ mixer fídíò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú gbogbo káḿẹ́rà dọ́gba kó tó máa yí láti ọ̀kan sí èkejì láìdúdú, mixer sì ni iṣẹ́ tìrẹ ń béèrè. Ẹni tó ta ọjà fún ẹ ò sọ ìyẹn.

Ìdí tí skríìnì fi ń dúdú rèé. Fíréèmù, ìyẹn àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ni káḿẹ́rà ń tú jáde, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, kálukú láti òkè wá sísàlẹ̀. Káḿẹ́rà méjì tí wọn ò dè pọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ fíréèmù lásìkò kan náà. Bí èkíní bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èkejì lè ti dé agbedeméjì. Tí o bá tẹ 2, skríìnì á rí i pé àsìkò ti dàrú, á pa èyí tó ń fi hàn tì, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá orí fíréèmù tuntun. Ìyẹn nìkan kọ́. Skríìnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún ohun tí wọ́n so mọ́ ọn irú àwòrán tó lè gbà, bó ṣe fẹ̀ tó, iye fíréèmù, irú ohùn. EDID nìyẹn. Bí àwòrán bá jẹ́ èyí tí ẹni tó ni ín ò fẹ́ kí wọ́n dà kọ, wọ́n á tún fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí dá ara wọn mọ̀. HDCP nìyẹn. Switch olówó pọ́ọ́kú máa ń jẹ́ kí wọ́n tún gbogbo èyí bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà tí o bá tẹ bọ́tìnnì, bí àlejò tí kò lè jíṣẹ́ tí wọ́n rán an àfi tó bá kí gbogbo agbolé tán.

Èyí tí wọ́n bá kọ seamless sí lára, ó níbi tó ń tọ́jú fíréèmù káḿẹ́rà kọ̀ọ̀kan sí. Á mú gbogbo wọn wá sí ìwọ̀n kan náà, àsìkò kan náà, kó tó gbé èyí tí o yàn jáde. Òun fúnra ẹ̀ ni skríìnì ń bá sọ̀rọ̀, kò bá káḿẹ́rà kankan sọ ọ́. Nítorí náà, skríìnì ò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Genlock ni ọ̀nà àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n: àmì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo káḿẹ́rà kí gbogbo wọn lè jọ bẹ̀rẹ̀ fíréèmù. Kò sí ihò rẹ̀ lára káḿẹ́rà tìrẹ, má wulẹ̀ wá a.

ATEM Mini tí Ọmọ Tanke dárúkọ, mixer fídíò ni, ó sì dára, mi ò ní purọ́. Blackmagic Design ti Ọsirélíà ló gbé e jáde ní 2019. Ihò HDMI mẹ́rin ló ń wọlé, ìkọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ohun tó ń mú àwòrán dọ́gba nínú ara rẹ̀. Àmọ́ ihò HDMI ẹyọ kan ló ń jáde, wàá ṣì ra splitter 1x2 nítorí àwọn obìnrin. Kì í gba ohun tó bá ní HDCP: so dìkódà mọ́ ọn, dúdú ni wàá rí. Àkọ́kọ́ yẹn ò sì ní multiview, ìyẹn kí o rí gbogbo káḿẹ́rà lẹ́ẹ̀kan lójú skríìnì kan. Mini Pro ti 2020 ló ní i.

Ìyókù ò le. Program ni ohun tí èrò ń wò. Preview ni èyí tí o ń tò sílẹ̀ tí wọn ò tíì rí. Cut á yí i lójijì, mix á jẹ́ kí ọ̀kan rọra bọ́ sínú èkejì. AUX ni ihò àfikún tí kò di dandan kó gbé ohun tí program ń gbé. Bí owó ẹ bá ká mixer tó ní AUX, ọ̀rọ̀ apá obìnrin ti tán nìyẹn.

Splitter náà ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tiẹ̀ o. Bí skríìnì ọkùnrin bá jẹ́ 1080 (iye ìlà tó wà nínú àwòrán nìyẹn), tí tẹlifíṣọ̀n obìnrin sì jẹ́ àlòkù tí kò kọjá 720, àwọn splitter kan á bá èyí tó kéré lọ, ti ọkùnrin náà ò wá ní mọ́ kedere mọ́. Tẹlifíṣọ̀n méjì tó bá ara wọn mu ni kí o háyà.

Kí o tó kúrò nílé, ṣí káḿẹ́rà méjèèjì, kúrò lórí NTSC (ètò 30 tàbí 60 fíréèmù ní ìṣẹ́jú àáyá kan), bọ́ sí PAL (ètò 25 tàbí 50), 1080p25 tàbí 1080p50, kí méjèèjì jẹ́ bákan náà. 50Hz ni iná tiwa. Bí o bá fi 60 sílẹ̀, àwọn bọ́ọ̀bù kan á máa ṣẹ́jú nínú fídíò, èèyàn á rò pé jẹnẹrétọ̀ ló fẹ́ kú. Shutter, ìyẹn bí ojú káḿẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó lórí fíréèmù kọ̀ọ̀kan, fi sí 1/50.

Káḿẹ́rà Ojúẹkùn:
Bàbá, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ó kù méjì. Káḿẹ́rà kejì máa ń jìnnà sí tábìlì mi gan-an, HDMI gígùn tí mo rà ń já lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, tí mo bá fa ohùn látinú mixer àwọn ẹlẹ́rọ mọ́ṣáláṣí, "hùùùn" ni mo ń gbọ́ lábẹ́ ohùn Àfáà.

Arábìnrin Mídíà, Òmù-Àrán:
Ẹ kú iṣẹ́ sà, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n gba ti wáyà, ṣọ́ọ̀ṣì wa gùn, ó ti fojú mi rí nǹkan.

HDMI lásán, tó bá ti ń lọ sí mítà 10 sí 15, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. SDI ni kí ẹ lò. Wáyà yípo kan ṣoṣo ni, bíi ti dísì, BNC ló wà lẹ́nu ẹ̀: ẹ tì í wọlé, ẹ yí i, ó ti kọ́ nìyẹn. Ọmọdé fẹsẹ̀ kọ́ tiwa lọ́jọ́ ìkórè, káḿẹ́rà mì, àwòrán ò lọ. Ká ní HDMI ni, á ti yọ. HD-SDI lè rin mítà 100 lórí wáyà gidi. Àmọ́ tó bá jẹ́ 1080p50 lẹ fẹ́, 3G-SDI ni kí ẹ béèrè, torí HD-SDI ò gbà ju 1080p25 tàbí 30 lọ. Wáyà 75 ohm ni o! Àwọn kan á fún yín ní 50 ohm ti ẹ̀rọ alásọ̀rọ̀gbésì, ojú ò lè fi í mọ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀.

Ẹ máa nílò ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ HDMI di SDI nídìí káḿẹ́rà, àti èyí tó ń sọ ọ́ padà nídìí mixer fídíò. Iná ni méjèèjì ń jẹ, ẹ mú ibi tí wọ́n á ti máa rí iná lọ́wọ́.

Bàbá Ẹlẹ́rọ Ọ̀fà:
Ọmọ mi, o ṣé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Ti ariwo yẹn: bóyá iná mọ́ṣáláṣí ni mixer ohùn wọn ń jẹ, jẹnẹrétọ̀ sì ni tábìlì tìrẹ ń jẹ. Ilẹ̀ (earth) iná méjèèjì ò dọ́gba, iná wá ń gba ara wáyà ohùn kọjá láti ọ̀kan sí èkejì. Kọ́kọ́ gbìyànjú kí ẹ jọ jẹun níbi kan náà. Tí kò bá ṣeé ṣe, fi DI box tàbí transformer ohùn sí àárín, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí ohùn kọjá láìjẹ́ kí ariwo iná bá a kọjá, kí o sì fi wáyà XLR ẹlẹ́nu mẹ́ta gbé ohùn dípò wáyà RCA. Má gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ lára púlọ́ọ̀gì o, mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é. Ariwo á lọ lóòótọ́, àmọ́ bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ náà, ara èèyàn ni iná á gbà kọjá.

Nígbà tí o bá ti wá ní mixer fídíò, ohùn á máa ṣíwájú ẹnu. Fíréèmù tó ń tọ́jú yẹn ló fà á. Ní 25, fíréèmù kan jẹ́ 40 millisecond (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni millisecond kan), ní 50 ó jẹ́ 20. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ní kí ẹnì kan dúró níwájú káḿẹ́rà kó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ká a sílẹ̀, kí o wá tún un wò ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Ka iye fíréèmù tó wà láàárín ìró àti ìgbà tí ọwọ́ pàdé, sọ ọ́ di millisecond, kí o fi sí delay, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń dá ohùn dúró díẹ̀, fún ohùn tó ń lọ sínú fídíò àti tẹlifíṣọ̀n àwọn obìnrin. Má fọwọ́ kan ti àwọn sípíkà inú gbọ̀ngàn, torí Àfáà á máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́yìn tó ti sọ̀rọ̀ tán, á sì bínú sí ẹ.