Ẹ̀rọ gé ìka ọkọ mi níbi iṣẹ́: ṣé kó tọwọ́ bọ ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ gbé wá?

Ìyá Dámilọ́lá (Kubwa):
Ẹ kú ilé o. Ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù kan lápá Dei-Dei ni bàbá Dámilọ́lá ti ń ṣiṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀rọ gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Èmi ni mo ń bá a de bọ́tìnì ẹ̀wù báyìí. Ọ̀gá rẹ̀ san owó ọsibítù, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ lánàá ó ní kí máníjà gbé ìwé wá: ká gba 200,000 náírà, ká tọwọ́ bọ̀wé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọkọ mi fẹ́ gbà á, torí owó ilé ti tó san. Ọkàn mi ò gbà á. Aládùúgbò wa kan tún ní wọ́n ń sanwó fún akanda ẹ̀dá lóṣooṣù ní Jigawa. Ṣé irú ẹ̀ wà l'Abuja?

Bàbá Pẹ́ńṣàn (Gwarinpa):
Ìyá Dámilọ́lá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má jẹ́ kó tọwọ́ bọ nǹkan kan! Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo bójú tó títí mo fi fẹ̀yìn tì. Òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti 2010 sọ pé òṣìṣẹ́ ò lè bá ọ̀gá rẹ̀ ṣàdéhùn pé òun yááfi ẹ̀tọ́ yìí. NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìdójútòfò òṣìṣẹ́, ló ń san án. Ilé iṣẹ́ ló ń dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀.
Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti sọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ẹni tó san owó ọsibítù ò lè ní òun ò gbọ́. Ẹ béèrè ẹ̀dà ìwé tó fi ránṣẹ́. Kí ọkọ yín náà kọ̀wé béèrè owó náà lọ́wọ́ NSITF kí ọdún kan tó pé tó farapa. Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá ló ń gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Ti ìka mẹ́ta ò ní tó bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò dókítà ló máa pinnu ẹ̀.

Táyé (Dutse ti Jigawa o, kì í ṣe Dutse Alhaji):
Òótọ́ ni aládùúgbò yín sọ. Láti ayé Gómìnà Sule Lamido ni, 7,000 náírà lóṣù nígbà náà. Àmọ́ owó ìpínlẹ̀ ni, ará ibẹ̀ ni wọ́n ń fún. Ti Bàbá yẹn ni kí ẹ dì mú.

Ìyá Dámilọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an ni. Bàbá, kò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kankan o. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún un lọ́wọ́.

Bàbá Pẹ́ńṣàn:
Kò burú. Òfin náà ka ẹni tí wọ́n fẹnu lásán gbà síṣẹ́ mọ́ ọn, títí kan lébìrà àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹ wá ẹni méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tó lè jẹ́rìí, kí ẹ sì gba ìwé dókítà kí ẹ tó lọ bá NSITF.