Báwo lẹ ṣe ń túmọ̀ orin ẹ̀fẹ̀ fún àlejò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Kétu. A fẹ́ mú àwọn olùkọ́ méjìlá láti ilẹ̀ òkèèrè, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), wá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó onígi-orí tí a fi ń yẹ́ àwọn ìyá sí. Ijó ọ̀sán kò ní wàhálà, ojú ló ń wò ó. Òru ẹ̀fẹ̀, ìyẹn òru orin àwàdà àti ìbáwí, ni iṣẹ́ wà: inú ọ̀rọ̀ ni adùn rẹ̀ wà, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, ère igi tó wà lórí akọrin nìkan ló máa rí.

Nígbà kan rí, a tẹ orin sórí ìwé ní èdè Faransé. Òkùnkùn kò jẹ́ kí àwọn àlejò ìgbà yẹn rí i kà. Nígbà tí wọ́n tan iná fóònù, inú bí àwọn àgbà, àwọn àgbà ò sì jẹ̀bi. A tún fi ògbufọ̀ kan sáàárín wọn. Àwọn mẹ́ta tó sún mọ́ ọn ló gbọ́, kó sì tó tú òwe kan tán, èrò ti gbe orin, ọ̀rọ̀ mìíràn ti dé. Orin tuntun kò sì ṣeé gbà ṣáájú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí: àlejò mélòó ló yẹ ògbufọ̀ kan, ibo ni kí wọ́n jókòó sí tí ohùn wọn ò fi ní dí akọrin lọ́wọ́, ṣé Ìyálàṣẹ̀, ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, la ó sì kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀?