MDS: báwo la ṣe ń ka ọjọ́ 14 yẹn gan-an?

Nọ́ọ̀sì_Adó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Àwa mélòó kan ń kàwé pọ̀ l'Ádó-Èkìtì níbí fún iṣẹ́ MDS, ìyẹn fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò tí ìjọba ń béèrè nílé ìtọ́jú àgbà l'Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ọjọ́ 14 la ní láti fi parí àyẹ̀wò ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Tí màmá àgbà kan bá wọlé ní March 3, ṣé March 16 ló yẹ ká parí àyẹ̀wò rẹ̀ ni, àbí 17? Ọjọ́ yẹn náà la ó fi ránṣẹ́ sí ìjọba ni?

Ọmọ_Ìkọ̀lé
Àbúrò, 16 ni. Ẹ kà á bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, òní wà nínú rẹ̀: ọjọ́ tí màmá wọlé ni ọjọ́ kìíní. Ibẹ̀ nìkan ni kíkà yẹn mọ o. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀la lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 7 fún ètò ìtọ́jú, March 23. Ọjọ́ 14 mìíràn láti fi ránṣẹ́, April 6. Tí ètò ìtọ́jú bá tètè parí, òpin ìfiránṣẹ́ náà á tètè dé, ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń ṣìnà. Àyẹ̀wò ti oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ò dúró de ètò ìtọ́jú: ọjọ́ 14 láti ọjọ́ tó wà ní Z0500B, ibi tí wọ́n ń kọ ọjọ́ tí àyẹ̀wò parí sí, lẹ ó fi ránṣẹ́.

Ẹ má sọ 17 yẹn nù ṣá. Òun ni òpin ìfiránṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìwọlé, èyí tó kàn ń sọ pé màmá ti wọlé, tó dá dúró ní tiẹ̀.

Ìyá_Ìjerò
Kí ẹ fi ránṣẹ́ yàtọ̀ sí kí wọ́n gbà á. Ẹ ṣí ìjábọ̀ tí iQIES, ìkànnì ìjọba tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí, bá gbé jáde. Èyí tó ní "warning" ti wọlé. Èyí tó pẹ́ pàápàá, ìkìlọ̀ ló máa gbé wá. "Fatal error" ni kò wọlé rárá, ọjọ́ ò sì dúró dè yín. Kò dáa kéèyàn fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì_Adó
Ẹ ṣé o, mà. Tí apá ti ẹlòmíràn ò bá tíì parí ńkọ́?

Ìyá_Ìjerò
Nọ́ọ̀sì RN (registered nurse) ò lè fọwọ́ sí Z0500 nìyẹn, torí ìbuwọ́lù yẹn ló ń jẹ́rìí pé gbogbo rẹ̀ ti pé. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò BIMS, tí wọ́n fi ń yẹ ìrántí àti òye wò, ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù. Inú ọjọ́ 7 tó parí sí ARD, ọjọ́ tí àkókò tí àyẹ̀wò ń wò parí sí, ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Tó bá ti kọjá, kò sí bí ẹ ṣe lè padà lọ bi màmá. Ọjọ́ ARD tàbí ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ló dáa jù.